Ibi Tí Eré Ń Parí Sí

Nínú sinimá àgbéléwò Yorùbá, orúkọ àdúgbò kan ṣoṣo ti tó láti pa ìtàn dé. Ọ̀daràn ti kó owó ọ̀gá rẹ̀ lọ, tàbí ó ti fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní májèlé jẹ nítorí ogún. Ọlọ́pàá ya wọlé, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dún, ẹnìkan sì pàṣẹ pé kí wọ́n máa gbé e lọ sí Kirikiri. Kò sí òǹwòran tó máa bèèrè pé níbo nìyẹn. Láti Ìbàdàn dé Ìlọrin, títí dé Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù níbi tí wọ́n ti ń ta fíìmù wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ gàrí àti ẹja gbígbẹ, gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé bí wọ́n bá ti dárúkọ Kirikiri, ó tó àkókò láti dìde lọ tọ́jú oúnjẹ alẹ́.

Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ mọ Kirikiri mìíràn. Láti 1955 ni ọgbà ẹ̀wọ̀n tí ààbò rẹ̀ le jù ti wà níbẹ̀, èyí tí ààbò rẹ̀ mọ níwọ̀n àti ti àwọn obìnrin sì wà nítòsí. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ògiri wọn, ìlú ń ṣe bí ìlú. Tánkà epo tò bí ìlẹ̀kẹ̀ lójú ọ̀nà, èbúté Tin Can kò jìnnà, Olodi-Apapa sì fara ti Ajégúnlẹ̀ débi pé àlejò kò lè mọ ibi tí ọ̀kan parí sí. Mẹkáníìkì ń gbé ibẹ̀, wọ́dà ń gbé ibẹ̀, àwọn tó ń sun ẹja létí títì ń gbé ibẹ̀, àwọn ọmọ tó ń lọ sí ọgbà ilé-ìwé Tolu náà ń gbé ibẹ̀. Bí iná bá wà lálẹ́, nínú àwọn ilé gígùn tí ilẹ̀kùn yàrá wọn dojú kọra, ohùn tẹlifíṣàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń ti yàrá kọ̀ọ̀kan jáde. Ẹni tó bá ń gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá lọ yóò gbọ́ ìyàwó ará Íńdíà tó ń bẹ ọkọ rẹ̀, yóò gbọ́ wòlíì tó ń ríran, yóò gbọ́ ìró ìbọn, kó tó dé ìdí ẹ̀rọ omi.

Ìbéèrè tó yẹ kí á tú wò nídìí ohùn wọ̀nyí pé méjì, wọ́n sì so mọ́ra. Kí ló dé tí ènìyàn fi ń fẹ́ràn eré kan tọkàntọkàn, tí kò sì ní fẹ́ kí ẹlòmíràn mọ̀? Kí ló sì dé tí eré nípa ìpànìyàn àti olè jíjà, ohun tó yẹ kó máa kó jìnnìjìnnì báni, fi di ohun tí àwọn kan ń wò kí oorun lè dùn mọ́ wọn?

Yorùbá kò ní orúkọ pàtó fún ìgbádùn tí à ń tijú rẹ̀. Gbólóhùn ìgbèjà ló ní. Bá baálé ilé kan nínú pálọ̀ lásìkò tí ọmọge ará Mẹ́síkò ń sunkún lójú ẹ̀rọ, yóò ní òun kò wò ó, wọ́n kàn tàn án sílẹ̀ ni. Ṣi orúkọ ọ̀kan nínú àwọn òṣèré náà pè níwájú rẹ̀, òun ni yóò kọ́kọ́ tún un ṣe.

Ìtìjú yẹn ti pẹ́. Láàárín 1990 sí 1999 ni ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn NTA gbé The Rich Also Cry wọ ilé àwọn ará Nàìjíríà. Mẹ́síkò ni wọ́n ti ṣe é ní 1979, Verónica Castro sì ni òṣèrébìnrin tó kó ipa aṣáájú. Kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, àwọn ará Rọ́ṣíà pàápàá ti sunkún lé e lórí. No One But You tẹ̀ lé e, When You Are Mine àti The Gardener's Daughter sì dé lẹ́yìn náà, gbogbo wọn pẹ̀lú ohùn Gẹ̀ẹ́sì tí kò bá ètè òṣèré mu. Nígbà tí Second Chance fi máa dé, àwọn òǹwòran ti mọ ọ̀nà. Bàbá olówó kan ló kú nínú eré yẹn, tí ẹ̀mí rẹ̀ wọ ara ọkùnrin mìíràn tó lágbára, tó sì padà wọ ilé ara rẹ̀ láti wá rí ohun tí ìyàwó rẹ̀ ń ṣe. Àwọn tó ń bẹnu àtẹ́ lù ú pé àṣà òkèèrè ni kò rántí pé Yorùbá ní àkúdàáyà. Ìtàn ẹni tó kú ní ìlú kan tí wọ́n tún rí i tó ń tajà ní ìlú mìíràn, ìyá àgbà ti sọ ọ́ fún wa kí á tó ní tẹlifíṣàn. Èdè Sípéènì nìkan ni wọ́n wá fi kún un.

Ti ilé náà wà ńlẹ̀. Ní 2001 ni Wale Adenuga bẹ̀rẹ̀ Super Story, ní agogo mẹ́jọ alẹ́ Ọjọ́bọ̀, Ṣọlá Ṣóbọ̀wálé sì di Toyin Tomato lójú gbogbo ayé. Wọ́n kórìíra Toyin Tomato débi pé wọn kò lè ṣe kí wọ́n má wò ó. Kí ọdún yẹn tó dé, Checkmate tí Amaka Igwe kọ ti fi ọdún mẹ́ta kó ìdílé jọ síwájú NTA, láti 1991 sí 1994, ó sì jọ pé òun nìkan ni ẹnikẹ́ni kò tijú rẹ̀. Ìdí kan ni pé Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ dán, àwọn òṣèré rẹ̀ sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó jáde yunifásítì. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí dúró lọ́kàn, nítorí ó sọ púpọ̀ nípa irú ẹni tí wọ́n gbà láyè láti gbádùn ohun tó wù ú.

Ní oṣù kejì 2015 ni Zee World dé orí DStv, àwọn eré Íńdíà tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì rọ́pò ohùn wọn sì gba àkóso ìrọ̀lẹ́. Kò sí ibi ìdirun ní Olodi-Apapa tí wọn kò ti mọ Pragya àti Abhi inú Twist of Fate bí ẹni mọ aládùúgbò. Big Brother ní tirẹ̀ ti kọ́kọ́ dé ní 2006, ó sùn fún ọdún mẹ́wàá ó lé, ó jí ní 2017, nígbà tí Mercy Eke sì fi di obìnrin àkọ́kọ́ tó gbégbá orókè nínú rẹ̀ ní 2019, àwọn tó ní àwọn kò wò ó ti mọ ẹni tí wọ́n dìbò fún.

Ibo ni ìtìjú náà ti ń wá? Ilé ìjọsìn ní ìpín tirẹ̀, nítorí oníwàásù kì í rẹ̀ láti bú àwọn tó ń fi eré sísunkún rọ́pò àdúrà alẹ́. Ilé-ìwé náà ní tirẹ̀: ìwé tí wọ́n fi ń ṣe ìdánwò ni ohun àpọ́nlé, eré tí gbogbo ọjà ń wò ni ohun ṣákálá. Àjọ NBC tó ń ṣàkóso ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ pàápàá wọ ọ̀rọ̀ náà, ó ní kí ìpín 60 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn ọ̀fẹ́ ń gbé jáde jẹ́ ti ilẹ̀ wa. Òfin náà dára fún àwọn òṣèré wa. Àmọ́ nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, ó di pé ẹni tó bá ń wo ará Mẹ́síkò ń da orílẹ̀-èdè rẹ̀.

Ohun tó tún wà nídìí rẹ̀, tí wọn kì í sábàá sọ, ni pé ìgbádùn àwọn obìnrin ni wọ́n ń pè ní ìranù jù. Ajégúnlẹ̀ ni àdúgbò bọ́ọ̀lù: Samson Siasia, Taribo West àti Odion Ighalo ti ibẹ̀ jáde, pápá Maracana sì wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá ń ṣiyèméjì. Ní òpin ọ̀sẹ̀, ọkùnrin ń san owó wọ ilé ìwòran bọ́ọ̀lù, wọ́n ń jókòó orí bẹ́ǹṣì ní ìfẹ̀gbẹ́kẹ̀gbẹ́, wọ́n ń pariwo lé ẹgbẹ́ tí ó wà ní Manchester lórí, wọ́n sì ń bínú sùn. Kò sí ẹni tó ń bi wọ́n pé kí ni èrè rẹ̀. Ìyá tó ti jí ní agogo mẹ́rin láti lọ ra ẹja, tó fẹ́ fi wákàtí kan wo bí ìyá ọkọ burúkú yóò ṣe tẹ́, òun ni wọ́n ń sọ pé ó ń fi àkókò ṣòfò. Kò sí ìdí kan tó fi yẹ kó tijú.

Kí dátà tó dé, kásẹ́ẹ̀tì ló ń rìn. Àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ń yá ènìyàn ní fídíò wà káàkiri Ajégúnlẹ̀ lẹ́yìn tí Kenneth Nnebue ti fi Living in Bondage han àwọn oníṣòwò ní 1992 pé owó wà nínú rẹ̀. Ọjà Alábà ní Òjó di orísun, láti ibẹ̀ sì ni àwo pẹlẹbẹ tí wọ́n kó fíìmù òkèèrè mẹ́wàá sí ti ń wá, èyí tí wọn kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láti tà. Inú irú àwo bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ Èkó ti rí Prison Break, eré Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ ní 2005, ìtàn ọkùnrin kan tó ya àwòrán ọgbà ẹ̀wọ̀n sí ara rẹ̀ kí ó lè yọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọ́n dájọ́ ikú fún láìṣẹ̀. Ní àdúgbò mìíràn, eré lásán ni. Níbi tí ògiri gíga yẹn wà ní òpin òpópó, tí ènìyàn ń rí àwọn ìyá tó gbé abọ́ oúnjẹ dúró de wákàtí ìbẹ̀wò, ọ̀rọ̀ ẹni tó wà lẹ́wọ̀n láìṣẹ̀ kò lè jẹ́ eré lásán.

Ibí yìí ni ìbéèrè kejì ti wọlé, ìyẹn ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́.

Ní 1948, akéwì ọmọ Gẹ̀ẹ́sì W. H. Auden kọ àròkọ kan nínú ìwé ìròyìn Harper's, ó jẹ́wọ́ pé ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ti di bárakú sí òun lára bí tábà àti ọtí. Bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀kan, kò lè ṣiṣẹ́ mọ́ títí yóò fi parí. Èrò rẹ̀ ni pé ìtàn náà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ibi àlàáfíà, ìpànìyàn a wá bà á jẹ́, gbogbo ènìyàn a di ẹni ìfura, títí ẹnìkan yóò fi wá tọ́ka sí ẹlẹ́ṣẹ̀ tí àlàáfíà yóò sì padà sí àyè rẹ̀. Òkú inú ìtàn kọ́ ló ń tuni nínú. Bí ìfura ṣe ń kúrò lọ́rùn àwọn tó kù, ìyẹn gan-an ni ìtura rẹ̀.

Àwọn tó dàgbà pẹ̀lú NTA kò tíì gbàgbé Derrick. Ará Jámánì ni, Horst Tappert ló ṣe é, ọkùnrin tó ní àpò sábẹ́ ojú, tí kì í pariwo. Iye ìpín eré náà jẹ́ 281, láti 1974 sí 1998, Herbert Reinecker nìkan ló sì kọ gbogbo wọn. Ó ju 100 orílẹ̀-èdè lọ tó rà á. Ìbọn kì í sábàá dún nínú rẹ̀. Derrick yóò kanlẹ̀kùn, yóò jókòó, yóò bèèrè ọ̀rọ̀, yóò wo ẹni náà lójú títí ara yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í ni ín. Columbo ti Amẹ́ríkà gba ọ̀nà mìíràn: láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń fi apànìyàn han òǹwòran. Kò sí ohun tó pamọ́ sí wa. A kàn ń wo bí ọkùnrin oníkóòtù jákujàku tí Peter Falk ṣe yóò ṣe máa yí olówó náà po, pẹ̀lú ìbéèrè kékeré kan lẹ́yìn òmíràn, títí ìrera rẹ̀ yóò fi sọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹni tó bá ní àṣà òyìnbó nìyẹn, kó rántí Ìjàpá àti ère. Olè ń jí oko àgbẹ̀ kan, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Àgbẹ̀ gbẹ́ ère, ó fi àtè pa á lára, ó gbé e sáàárín oko. Ìjàpá dé, ó kí i, kò dáhùn. Ó bínú, ó gbá a létí, ọwọ́ lẹ̀ mọ́ ọn. Ó tún fi èkejì gbá a, ìyẹn náà lẹ̀ mọ́ ọn. Ó fi ẹsẹ̀ ta á, ẹsẹ̀ há. Gbogbo ọmọ tó jókòó lábẹ́ òṣùpá ló mọ olè náà láti gbólóhùn àkọ́kọ́. Wọ́n ti gbọ́ ọ lánàá. Síbẹ̀ wọ́n ń ní kí wọ́n tún un sọ, nítorí ìgbà tí ọwọ́ kejì bá lẹ̀ ni ẹ̀rín ń dé. Columbo kò ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ti kóòtù, Olóògbé Oyin Adéjọbí gbé e dé tẹlifíṣàn Ìbàdàn nínú Kóòtù Aṣípa. Òun fúnra rẹ̀ ló jókòó bí adájọ́ ìbílẹ̀, tí tọkọtaya, onílé àti ayálégbé, ìyálé àti ìyàwó ń gbé ẹjọ́ wọn wá síwájú rẹ̀. Kò sí òkú nílẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni: irọ́ dojú kọ irọ́, àgbà fetí sílẹ̀, àgbà sì yanjú rẹ̀ kí àkókò eré tó tán.

Ohun tó yani lẹ́nu ni pé Yorùbá ní ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tirẹ̀ nínú ìwé, ó sì ti tó bẹ́ẹ̀. Ọládẹ̀jọ Òkédìjí tẹ Àjà Ló Lẹrù jáde ní 1969, ó sì tẹ Àgbàlagbà Akàn ní 1971. Lápàdé ni akọni inú wọn. Ó ti fìgbà kan jẹ́ sájẹ́ńtì ọlọ́pàá rí, ó ti kúrò níbẹ̀, òun àti àwọn tó ṣì wọ aṣọ náà kò sì rẹ́. Tàfá Ìgìripá ni ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Òwe inú ìwé méjèèjì pọ̀, ẹ̀ṣẹ́ inú wọn náà kò kéré. Kọ́lá Akínlàdé ní tirẹ̀ kọ Ta Ló Pa Ọmọ Ọba àti Owó Ẹ̀jẹ̀, àwọn ìwé tí ìran àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan kà lábẹ́ tábìlì nígbà tó yẹ kí wọ́n máa ka ohun mìíràn. Nínú wọn, ifá kì í ṣe awárí ẹlẹ́ṣẹ̀. Èrò orí ni, àti ẹsẹ̀ tí kì í rẹ̀.

Kí ló dé tí Lápàdé kò fi di ẹni tí a ń wò ní alaalẹ́ bí wọ́n ṣe ń wo Derrick? Owó wà lára rẹ̀. Eré ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ń fẹ́ kí òǹkọ̀wé jókòó pẹ́, kí gbogbo okùn dé ojú ibi tó yẹ, nígbà tí ọ̀pọ̀ sinimá àgbéléwò ń parí ní ọjọ́ díẹ̀. Ó rọrùn láti jẹ́ kí wòlíì ríran, tàbí kí òkú jáde lójú àlá dárúkọ ẹni tó pa á, tàbí kí apànìyàn ya wèrè ní gbangba kó máa ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Kò yẹ kí á fojú tẹ́ḿbẹ́lú ìyẹn. Òǹwòran tó gbà pé ẹ̀jẹ̀ ń ké kò nílò ìtẹ̀ka ní ara ife. Síbẹ̀, nígbà tí àlá bá ti sọ ohun gbogbo, iṣẹ́ ò kù fún ọpọlọ òǹwòran mọ́, adùn kan sì sọnù níbẹ̀ tí Òkédìjí ti fi hàn pé èdè wa lè gbé.

Ìdí kejì wúwo ju owó lọ. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó ń tuni nínú ní láti jẹ́ ẹni tí òǹwòran lè ṣílẹ̀kùn fún. Ní Ajégúnlẹ̀ àti Kirikiri, ta ló ń ṣílẹ̀kùn fún ọlọ́pàá kí ara sì tù ú? Àwọn tí SARS, ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń gbógun ti olè, ti dá dúró lójú ọ̀nà nítorí irun dídì tàbí kọ̀ǹpútà àgbéletan kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún wọn. Ẹ̀hónú tó gba ìgboro ní 2020 ló mú kí ìjọba tú ẹ̀ka náà ká ní ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá. Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn, ní oṣù kejìlá 2022, Showmax gbé Crime and Justice Lagos jáde, tí Folu Storms àti Jammal Ibrahim ṣe ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ méjì nínú rẹ̀, tí ìtàn rẹ̀ sì jọ ohun tí a ń kà nínú ìwé ìròyìn. Iṣẹ́ gidi ni, wọ́n sì ya Èkó dáadáa. Àmọ́ ẹni tó ń wò ó ní láti kọ́kọ́ gbà fún wákàtí kan pé ọlọ́pàá méjì yìí kò ní béèrè owó kí wọ́n tó kọ ọ̀rọ̀ ẹni sílẹ̀. Àwọn mìíràn lè ṣe é, àwọn mìíràn kò lè ṣe é.

Bóyá ìdí nìyẹn tí àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó ń mú ara dẹ̀ jù káàkiri ayé kì í fi wọ aṣọ ìjọba. Miss Marple inú ìwé Agatha Christie ń hun aṣọ òtútù ni. Jessica Fletcher tí Angela Lansbury ṣe fún ìpín 264 nínú Murder, She Wrote, láti 1984 sí 1996, òǹkọ̀wé ni. Lápàdé ti kúrò nínú iṣẹ́. Ní ilẹ̀ Áfíríkà náà, Mma Ramotswe tí Alexander McCall Smith bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìtàn rẹ̀ ní 1998 ta màlúù tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀, ó fi owó rẹ̀ ṣí ọ́fíìsì ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ní Gaborone. Wọ́n gbé e dé tẹlifíṣàn BBC ní 2008, ní Botswana gan-an ni wọ́n ti yà á, olórin Amẹ́ríkà Jill Scott sì ni Mma Ramotswe. Anthony Minghella tó darí ìpín àkọ́kọ́ kú ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta, ọjọ́ márùn-ún kí wọ́n tó fi han àwọn ènìyàn. Ọkọ tó sọnù, bàbá tí kì í ṣe bàbá, ọmọ tí wọ́n jí gbé: irú ẹjọ́ tó ń dé ọ́fíìsì rẹ̀ nìyẹn, ó sì máa ń po tíì kó tó bèèrè ọ̀rọ̀. Ìyá ọjà kan ní Boundary ní Ajégúnlẹ̀ lè ṣe iṣẹ́ yẹn láìkọ́ ọ. Àwọn ìyá báyìí ló ń mọ ẹni tó jí aṣọ lórí okùn kí aláṣọ tó dé, nítorí wọ́n mọ bàtà ẹni gbogbo àti wákàtí tí oníkálùkù ń wọlé. Eré Yorùbá tó fi irú obìnrin yìí ṣe akọni, pẹ̀lú tánkà àti kẹ̀kẹ́ Màrúwá lẹ́yìn rẹ̀, yóò rí òǹwòran.

Àwọn fíìmù kan ti sún mọ́ àdúgbò náà. Kòṣeégbé, tí Túndé Kèlání ṣe ní 1995 láti inú eré Akínwùmí Ìṣọ̀lá, mú wa wọ ọ́fíìsì àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù níbi tí ọ̀gá olóòótọ́ kan ti fẹ́ dá àbẹ̀tẹ́lẹ̀ dúró tí àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ sì dìtẹ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó ń gbé ìtòsí Tin Can kò nílò ìtumọ̀ fún ìyẹn. Owo Blow ti Tádé Ògìdán náà tọpa bí ìyà ṣe ń sọ ọmọ ènìyàn di olè, kò sì jẹ́ kó rọrùn fún òǹwòran láti dá a lẹ́bi. Wọ́n dára, àmọ́ wọn kò tuni nínú. Ó ṣòro láti sùn lẹ́yìn wọn.

Ògiri òpin òpópó náà sì wà ńlẹ̀ síbẹ̀. Ní 2019 ni òfin tuntun yí orúkọ iṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n padà sí iṣẹ́ àtúnṣe ìwà. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣe òfin tirẹ̀ láti 2007 kí ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn lè yá, ti ìjọba àpapọ̀ sì dé ní 2015. Pẹ̀lú gbogbo rẹ̀, nǹkan bí méjì nínú mẹ́ta àwọn tó wà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Nàìjíríà ni ilé-ẹjọ́ kò tíì dá ẹjọ́ wọn. ATM ni wọ́n ń pe àwọn ọkùnrin bẹ́ẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí àwọn tó ń dúró de ìgbẹ́jọ́. Fáìlì sọnù, ẹlẹ́rìí kó kúrò ní ìlú, wọ́n gbé adájọ́ lọ sí ibòmíràn, wọ́n sún ẹjọ́ síwájú, wọ́n tún sún un. Gbólóhùn tí fíìmù fi ń parí, tí ó ń jẹ́ kí òǹwòran mí kanlẹ̀, òun ni ibi tí ìtàn àwọn wọ̀nyí ti dúró sójú kan. Kò sí ẹni tó tọ́ka sí apànìyàn, kò sì sí ẹni tó sọ pé kí aláìṣẹ̀ máa lọ sílé.

Bí a bá fi ojú yẹn wò ó, ẹni tó fẹ́ràn eré tí ohun gbogbo ti ń yanjú láàárín wákàtí kan kò sá fún ayé rárá. Ó mọ ohun tó ṣọ̀wọ́n láyé rẹ̀, òun ló sì jókòó tì. Àwọn tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹjọ́ tí kì í parí ní ẹ̀tọ́ sí ẹjọ́ kan tó parí.

Lónìí, orí fóònù ni púpọ̀ nínú eré wọ̀nyí kó lọ. Yorubahood àti Libra TV ń gbé sinimá tuntun sórí YouTube, obìnrin tó ń ta ọṣẹ sì ń gbé fóònù rẹ̀ ti agolo mílíìkì, ó ń wò ó, ó ń ṣẹ́ owó fún oníbàárà. Nígbà mìíràn, dátà máa ń tán ní ìpín kejì. Nígbà mìíràn, ti tẹlifíṣàn gan-an ni iná máa ń lọ, nígbà tí wọ́n ti kó gbogbo àwọn tí wọ́n ń fura sí jọ sí pálọ̀ tó ku kí wọ́n dárúkọ. Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ a pariwo lẹ́ẹ̀kan náà. Yàrá tó ní jẹnẹrétọ̀ ni àwọn ọmọ máa ń sá lọ, ọ̀kan nínú wọn á sì padà wá bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́. Wọ́dà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, tí kò tíì bọ́ bàtà, a jókòó sí ẹnu ọ̀nà, a ní kí ọmọ náà wá sọ fóun, ta ló wá padà jẹ́. Ọmọ náà kì í kàn dárúkọ lásán. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni yóò ti mú un.